Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Wobí Sọ Sí Kámẹ́rà

"Wobí! Wobí!" ni bàbá mi máa ń pariwo bí wọ́n bá fẹ́ ya èèyàn ní fọ́tò. Àgbà o, ọmọdé o, ọ̀gá ọlọ́pàá o, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sórí àpótí iwájú aṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀bù wa, "Wobí!" ni yóò gbọ́, títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ wọn lára. Bàbá Wobí. Mo mọ àwọn tó ti ń bá wọn bọ̀ láti ogún ọdún tí wọn ò mọ orúkọ mìíràn fún wọn. Èmi ni àkọ́bí wọn, èmi náà ni mò ń bá wọn ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àfi bí ìtìjú bá mú mi fo nǹkan. Màá gbìyànjú kí n má fo nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀bù wa ni yàrá iwájú nínú ilé tí à ń gbé. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mò ń jókòó sí, ẹ̀yìn mi sì kọ ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé. Téèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀nà tóóró kan ni yóò rí, ilé ìdáná ló wà lópin rẹ̀, pẹ̀lú síńkì lábẹ́ fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi fọ abọ́ níbẹ̀, tí Bàbá sì fi ya fọ́tò níwájú, tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣeré láìrí ojú ara wọn. Bí oníbàárà bá fajú ro, Bàbá á ké sí ẹ̀yìn pé kí Màmá bá àwọn sọ nǹkan ẹ̀rín, Màmá á sì dáhùn láti ìdí abọ́ pé, "Ẹ ní kó wo orí yín tó pá!" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, kámẹ́rà á ké, fọ́tò á dára.

Kámẹ́rà náà, Bàbá rà á lọ́dún mẹ́fà kí wọ́n tó kú. Kì í ṣe èyí tó gbówó lórí jù, kì í sì í ṣe ohun ìṣeré. Irú èyí tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dénú máa ń rà ni, bọ́tìnnì sì pọ̀ lára rẹ̀ bí ẹni pé ṣe ni wọ́n dà wọ́n lé e lórí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, Màmá yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ fi yà ni, àbí ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú?" Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kì í ṣe àwàdà lójú wọn.

Aṣọ ìnura ni wọ́n fi kọ́ mi. Wọ́n á ní kí n gbé kámẹ́rà dání, wọ́n á fi aṣọ ìnura bo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n á wá máa pàṣẹ: "Dín ìmọ́lẹ̀ kù! Mú ojú ẹni tó wà lápá òsì! Yára sí i!" Bí mo bá tẹ èyí tí kò yẹ, wọ́n á kan orí mi bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Bí mo bá bínú, wọ́n á ní, "Ìka ni kó mọ kámẹ́rà. Ojú rẹ, ti ẹni tó o fẹ́ yà ni. Bó o bá gbójú kúrò lára rẹ̀ láti máa wá bọ́tìnnì kiri, kó o tó padà dé, ẹni yẹn ti lọ."

Nítorí náà, bí ẹ bá dì mí lójú lónìí, mo mọ gbogbo rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ló wà, ọ̀kan níwájú fún ìka ìlábẹ̀, tó ń pinnu bí ojú kámẹ́rà yóò ṣe là tó. Ọ̀kan lẹ́yìn fún àtàńpàkò, tó ń pinnu bí yóò ṣe yára ṣẹ́jú tó. Léjìká rẹ̀ lápá ọ̀tún, kókó kan wà tí ń yí, tí a fi ń pọ ìmọ́lẹ̀ lé tàbí ká bù ú kù. Èyí ni Bàbá fẹ́ràn jù. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí rò pé gbogbo ayé dà bí eérú. Bó bá rí dúdú, á fẹ́ sọ ọ́ di eérú. Bó bá rí funfun, á fẹ́ sọ ọ́ di eérú. Ìwọ ni kó o sọ òótọ́ fún un." Bí ẹni dúdú dáadáa bá jókòó, Bàbá á ti yí kókó yẹn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí onítọ̀hún tó tún aṣọ ṣe. Wọn ò sọ ẹnikẹ́ni di eérú rí.

Kókó mìíràn wà léjìká òsì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí yíká, lẹ́yìn àwọn lẹ́tà náà ni nọ́ńbà kan, méjì àti mẹ́ta. Àyè tí kámẹ́rà fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín nìyẹn, kó to ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Bàbá to ti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sí kan, wọ́n to ti ìta gbangba sí méjì. Mẹ́ta jẹ́ ti Màmá. Màmá kì í dúró kí wọ́n yà wọ́n, ilé ìdáná tí kò mọ́lẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wà ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú fèrèsé lójú wọn. Bàbá bá wọn to ìmọ́lẹ̀ àti ìyára tiwọn lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé bí Bàbá bá ti yí kókó sí mẹ́ta, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣáá.

Bọ́tìnnì kan ṣì kù. Ó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn kámẹ́rà, àwòrán máíkì tí kò tó hóró ìrẹsì ló wà lára rẹ̀. Bàbá ti fi ọ̀dà èékánná Màmá kán ẹyọ pupa kan sí i kí àtàńpàkò lè mọ̀ ọ́n. Bó o bá ti ya fọ́tò tán tó o sì ń wò ó lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, tẹ bọ́tìnnì yìí. Yóò dún "tín," ohun tó o bá sọ yóò sì lẹ̀ mọ́ fọ́tò náà. Ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n péré ló gbà. Bó bá pé, yóò dún "tín-tín," yóò sì pa dé, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ lo wà.

Àwọn onífọ́tò mìíràn máa ń kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé. Ìkọ̀wé Bàbá, àwọn fúnra wọn kì í lè kà á lọ́jọ́ kejì. Bọ́tìnnì yìí ni wọ́n ń lò: orúkọ, iye ẹ̀dà, àti ohun tí onítọ̀hún bẹ̀bẹ̀ fún. "Ìyá aránṣọ, ẹ̀dà mẹ́rin, ó ní ká má yọ ìlà ọrùn òun, ọkọ òun fẹ́ràn rẹ̀." Èmi á gbọ́ ọ nídìí kọ̀ǹpútà, màá sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n Bàbá lẹ́nu, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn síbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin yìí rán mi létí ẹnì kan tí a jọ..." Tín-tín. Màmá á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọlọ́run ṣeun! A ti rí ẹ̀rọ tó lè dá ẹnu yín dúró!"

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń fọ káàdì. Bí Bàbá ṣe ń pè é nìyẹn: ká pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́, kó lè mọ́ fún ọ̀sẹ̀ tuntun. Òfin wọn ò yí padà: da àwọn fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, dà wọ́n sí ibi kejì, kà wọ́n, bí iye wọn bá pé kó o tó fọ̀. Kámẹ́rà á béèrè bóyá ó dá ọ lójú, orí "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ló sì máa ń kọ́kọ́ dúró sí, ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ gbé e lọ sórí "Bẹ́ẹ̀ ni." Bàbá ní ẹ̀rọ tó gbọ́n nìyẹn. Ohùn inú rẹ̀ ńkọ́? A kì í da ohùn síbì kankan. Orúkọ àti iye ẹ̀dà ni. Tí fọ́tò bá ti jáde, kí ló tún kù tí a fẹ́ fi ṣe?

Ní oṣù kan kí Bàbá tó kú ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n á dáwọ́ dúró lójijì, wọ́n á di tábìlì mú, wọ́n á ní èéfín ló ń yọ àwọn lẹ́nu. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ sílé ìwòsàn. Bàbá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Tuesday kan, Màmá já wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, níbi tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà ti tò fún fọ́tò, wọ́n ní, "Òní yìí la máa lọ, àbí kí n gba kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ yín!"

Bàbá yíjú padà. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Padà sídìí abọ́ rẹ!"

Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Màmá padà sẹ́yìn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó ń tì í rí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo di aṣojú. "Sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti wà lórí tábìlì." "Sọ fún ìyá rẹ pé mo dúpẹ́." Tábìlì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí o, tí mò ń yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Mo tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n á tún parí rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Thursday, oòrùn ti ń wọ̀, Bàbá dìde, wọ́n gbé kámẹ́rà, wọ́n yí kókó òsì, wọ́n sì rọra ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, mi ò yíjú. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà ké lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí omi ń ya sínú síńkì pẹ̀lú agbára. Nígbà tó ṣe, Bàbá padà wá, wọ́n gbé kámẹ́rà sórí pẹpẹ rẹ̀, wọ́n ní, "Orí ìyá rẹ le." Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n lọ sùn.

Wọn ò jí ní Friday. Màmá ló lọ jí wọn, nítorí pé ẹ̀rọ kọfí tí Bàbá máa ń tàn láràárọ̀ ò tíì dún, mo sì gbọ́ tí Màmá ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àwọn méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo rò pé ìjà ti parí. Inú mi tiẹ̀ dùn kí n tó gbọ́ igbe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo padà ṣí i, ilé ìwé kan ló kó mi jáde: ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún ìdánwò, kíákíá. Káàdì inú kámẹ́rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, nítorí pé Bàbá ò rí Sátidé yẹn tí wọ́n ì bá fọ̀ ọ́. Fọ́tò ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wọn ló wà níbẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo jókòó, mo da gbogbo fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, mo tún dà wọ́n sí ibi kejì, mo kà wọ́n. Igba ó lé mọ́kànlá nínú káàdì, igba ó lé mọ́kànlá nínú kọ̀ǹpútà. Iye pé. Ìkẹyìn wọn pátápátá ni ẹ̀yìn Màmá nídìí síńkì, ọrùn wọn tẹ̀ síwájú, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yí èjìká wọn ká. Mo sunkún sí i. Mo wá gbé e kúrò lórí "Bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ sórí "Bẹ́ẹ̀ ni," bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì fọ káàdì bàbá mi. Inú mi balẹ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ikú Bàbá, Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n dúró, wọ́n ń fi ọwọ́ nu tábìlì tó mọ́.

Wọ́n ní, "Fọ́tò tí bàbá rẹ yà mí lọ́jọ́ Thursday yẹn, ṣé ó wà?"

"Ó wà, Màmá. Ó dára gan-an."

"Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i."

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, mo gbọ́ 'tín.' Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí kámẹ́rà. Mi ò yíjú. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ní kó o jẹ́ kí n gbọ́ ọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bóyá wọ́n bẹ̀ mí ni o, bóyá wọ́n bú mi ni o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bínú sí mi kú."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá a." Irọ́ ni. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Fọ́tò ni mo dà, fọ́tò ni mo kà. Àwọn ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí ta ló máa ń tọ́jú orúkọ àti iye ẹ̀dà?

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń sá fún Màmá nínú ilé kan náà. Mo gbé káàdì lọ bá Ọ̀gá Oníkọ̀ǹpútà tó wà lópin òpópónà, ọ̀rẹ́ Bàbá. Wọ́n wá a láti àárọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n yọ awò ojú wọn, mo ti mọ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ká ní o fọ̀ ọ́ tó o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, à bá rí i. Ṣùgbọ́n o ti ya ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ ilé ìwé. Gbogbo wọn ti jókòó lórí ohùn bàbá rẹ."

Ẹyin lohùn. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo rò pé ẹni tó sọ̀rọ̀ jù ni wọ́n ń fi bá wí.

Ní Thursday, mo lọ bá Màmá nílé ìdáná. Mi ò jókòó, mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: káàdì tó kún, igba ó lé mọ́kànlá, "Bẹ́ẹ̀ ni" tí mo tẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Oníkọ̀ǹpútà. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo pa á rẹ́. Èmi ni. Ẹ nà mí."

Màmá gbé abọ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Dìde nílẹ̀. Bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ìró omi lásán la ó gbọ́."

Mo dìde.

"Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ 'tín' yẹn, mo ṣí ẹ̀rọ omi dé òpin. Mo ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀ mí, kí wọ́n wá wo ojú mi, kí wọ́n wá bẹ̀ mí níwájú èèyàn mẹ́fà. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé ó ku ilẹ̀ kan ṣoṣo tó máa mọ́." Wọ́n wo síńkì náà bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. "Èmi ni mo kọ́kọ́ pa á rẹ́, ọmọ mi. Ìwọ kàn gbẹ̀yìn ni."

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé omi ì bá bo ohùn náà mọ́lẹ̀, àbí wọ́n sọ ọ́ kí àyà mi lè fúyẹ́. Èmi fúnra mi ṣáà gbọ́ omi yẹn. Bàbá náà gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé kámẹ́rà padà sórí pẹpẹ.

Màmá ní kí n fi fọ́tò náà han àwọn. Mo dá a padà sínú káàdì, mo gbé kámẹ́rà wá, ẹ̀yìn wọn sì yọ lójú rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ pé ọrùn mi ti rí báyìí." Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè pé, "Ṣé èèyàn lè fèsì síbẹ̀?"

Mo gbé àtàńpàkò wọn sórí ẹyọ pupa náà. Ọ̀dà èékánná tiwọn ni, wọ́n dá a mọ̀. Mo ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa sọ̀rọ̀." Mo jáde sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn.

Tín.

Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní, "Olówó orí mi, ẹ kú ìrìn o." Wọ́n ní kí Bàbá má bínú pé àwọn ti gbé àga wọn sún mọ́ fèrèsé, ilẹ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ń rin. Wọ́n ní àkọ́bí wọn ń gbìyànjú, kò sọ ẹnikẹ́ni di eérú. Wọ́n ní bàtà dúdú Bàbá ti padà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa, àwọn ti gbé e síbi tó yẹ kó wà.

Tín-tín.

Màmá tó máa ń fi ìró yẹn ṣẹ̀fẹ̀ ò rántí ohun tó túmọ̀ sí mọ́. Wọ́n dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ tí ẹnì kan dá a lóhùn, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn fẹ́ pàṣẹ fún Bàbá níwájú èèyàn, ẹ̀rù ikú ló ba àwọn. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì wọ́n láti ọjọ́ kejì, orí kunkun ni ò jẹ́ káwọn sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi wà lórí itan mi. Mi ò lè dìde lọ sọ fún wọn pé kámẹ́rà ti pa dé láti ìgbà tí wọ́n wà lórí ọ̀rọ̀ bàtà.